Ẹ Bi Aláìsàn Léèrè Ná

Àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Gbogbo wa la máa ń pa òwe yìí nígbà tí ẹlẹ́mìí bá ti gbà á tán, tí a bá ń ṣìpẹ̀ fún ọlọ́fọ̀. N kò tí ì rí ẹni tí ó pa á létí ibùsùn ọsibítù nígbà tí aláìsàn ṣì ń gbọ́ ohùn èèyàn. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí kò mọ òwe wa, ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà fi sílẹ̀ láìsọ ló dá lé lórí: bí a kò bá lè wo ikú, kí ló yẹ kí dókítà àti aláìsàn jọ sọ kí ó tó dé?

Orúkọ ìwé náà ni Being Mortal. Ọdún 2014 ni ó jáde. Atul Gawande ló kọ ọ́, dókítà oníṣẹ́-abẹ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ọmọ àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ṣí lọ sọ́hùn-ún. Dókítà ni bàbá rẹ̀, dókítà ni ìyá rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìdí iṣẹ́ ni wọ́n bí i sí! Síbẹ̀, ìjẹ́wọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀: pé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ́ òun bí a ti ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò kọ́ òun ní ohun tí a ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ kò ní ṣeé gbà là.

Kí n tó yìn ín tàbí kí n bá a wí, ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́wọ́ tèmi, nítorí n kò ka ìwé yìí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ní 2009, bàbá mi, tí í ṣe káfíńtà, dùbúlẹ̀ sí ọsibítù kan. Dókítà yọjú, ó ní, "Ẹ̀yin ni àkọ́bí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bọ́ síta." Ní kọ́rídọ̀ ló ti sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ni, ó sì ti wọnú ẹ̀dọ̀. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí Bàbá mọ̀ o, ọkàn wọn á rẹ̀wẹ̀sì." Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà wọlé, mo ní, "Bàbá, wọ́n ní ibà ni, ó kàn wọ̀ yín lára ni."

Bàbá mi wò mí títí. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí: "Àjàní, ṣé àìsàn yìí tó èyí tí èèyàn fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá a jà?" Ọdún kẹsàn-án rèé tí òun àti àbúrò rẹ̀ kò kí ara wọn nítorí ilẹ̀ kòkó. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ẹ máa gbádùn. Ẹsẹ̀ ara yín lẹ ó fi lọ bá wọn." Kò bèèrè mọ́. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni ó kú. Àbúrò rẹ̀ wá síbi ìsìnkú, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò fẹnu kan oúnjẹ.

Ẹ wá fojú inú wò ó bí ó ti rí lára mi nígbà tí mo dé ibi ìtàn kan nínú ìwé yìí. Dókítà obìnrin kan ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti máa bá àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́ sọ̀rọ̀. Bàbá tirẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ẹni ọdún 74, ní kókó nínú eegun ọrùn. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ, tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ lè rọ. Bí wọn kò bá ṣe é, yóò rọ dandan. Lálẹ́ tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, ọmọ lọ kí bàbá, wọ́n tàkùrọ̀sọ, ó gbéra ilé. Ojú ọ̀nà ló ti rántí pé ohun tí òun ń bi gbogbo èèyàn, òun kò bi bàbá òun. Ó padà. Ó bi í pé ìyà wo ni wọ́n lè fara dà kí wọ́n ṣáà lè wà láàyè, irú ayé wo ni wọn kò sì ní fẹ́. Bàbá ní bí òun bá ṣáà ti lè jẹ áísìkíríìmù ṣokoléètì, kí òun sì máa wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, òun fẹ́ wà. Ẹnu ya ọmọ. Kò rí i kí bàbá yìí wo bọ́ọ̀lù rí!

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà níbi tí wọ́n gé. Àwọn oníṣẹ́-abẹ jáde wá bá ọmọ: ṣé kí àwọn tún un là, tàbí kí àwọn fi í sílẹ̀? Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló ní láti dáhùn. Ó bi wọ́n pé bí bàbá òun bá yè é, ṣé á lè jẹ áísìkíríìmù, ṣé á sì lè wo bọ́ọ̀lù? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Ọdún mẹ́wàá ni bàbá yẹn tún lò láyé.

Ẹ yẹ ìbéèrè ọmọ yẹn wò dáadáa. Ikú kò sí nínú rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí Gawande fẹ́ kí dókítà máa bi aláìsàn kò ju mẹ́rin lọ: Kí ni ẹ mọ̀ nípa àìsàn yín? Kí ló ń bà yín lẹ́rù, kí lẹ sì ń retí? Kí lẹ lè fi sílẹ̀ kí ẹ lè pẹ́ sí i, kí ni ẹ kò lè fi sílẹ̀? Ọ̀nà wo ló máa mú wa dé ibi tí ẹ ń fẹ́? Kò sí èyí tí ó pe ikú lórúkọ níbẹ̀. Níbi yìí ni ìwé náà ti gba àwáwí lẹ́nu mi. A máa ń ní èèwọ̀ ni nílẹ̀ wa, a kì í pe ikú níwájú aláìsàn. Ó dáa, ẹ má pè é. Ẹ ṣáà bi í léèrè. Bàbá mi náà kò kúkú pe ikú nígbà tí ó bi mí. Ó fi ọ̀rọ̀ wé àbúrò rẹ̀, ó gbé e fún mi, èmi ni n kò tú u.

Ohun kejì tí mo yìn nínú ìwé yìí ni pé òǹkọ̀wé kò fi ara rẹ̀ ṣe mímọ́. Ó sọ ti ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 34 kan, tí wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà tí oyún rẹ̀ ti tó bí. Gawande mọ̀ pé oògùn kò lè wò ó sàn, síbẹ̀ ó fi ìrètí tí òun fúnra rẹ̀ kò gbàgbọ́ tù ú lẹ́nu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò bò ó. Ó tún mú ìwádìí kan wá, tí wọ́n ṣe fún aláìsàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ràn kálẹ̀, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí wọ́n tètè rí oníṣègùn tí í mú ìrora rọlẹ̀, tí í sì í bá èèyàn sọ ohun tí ó ń fẹ́, lo oṣù 11.6, àwọn yòókù lo oṣù 8.9. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ á tètè pa aláìsàn, ẹ gbọ́ o!

Ṣùgbọ́n ìwé náà ní àléébù lójú èmi. Èkíní, ó kọ ọ́ bí ẹni pé aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kọ́rídọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n á gbọ́, àna á gbọ́, ẹni tó ń sanwó á gbọ́, ẹni tó ni ara ló máa gbọ́ kẹ́yìn. Bí dókítà bá mọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí kò mọ bí a ti ń bẹ ẹbí kí wọ́n jẹ́ kí òun bi Bàbá fúnra wọn, òfo ni. Èkejì, owó. Ní Amẹ́ríkà, láti òfin 1982 ni Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà, ti ń sanwó ìtọ́jú ilé fún ẹni tí dókítà bá jẹ́rìí pé ẹ̀mí rẹ̀ kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ. Láti 2016, ó tún ń sanwó fún dókítà fún àkókò tí ó fi bá aláìsàn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Àpò ọmọ ni! Mo ta mọ́tò mi ra oògùn tí dókítà ti mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá bi bàbá mi, ṣé wọn ì bá gbà kí n tà á? Ìwé náà kò bi irú ìbéèrè yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù nílé tálákà.

N kò sọ pé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa o. Ní UCH, Ìbàdàn, ọsibítù tí wọ́n ṣí ní 1957, ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ìlú kékeré, kọ́rídọ̀ ṣì ni tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò. A kì í san kọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tútù.

Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, mo wọkọ̀ lọ bá àbúrò bàbá mi. Wọ́n ti darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, bí ara kò bá le mọ́ lọ́jọ́ kan, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?" Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ má gbé mi lọ sí Èkó o. Ibi tí mo bá ti lè gbọ́ ohùn ewúrẹ́ mi ni kí ẹ tẹ́ mi sí." Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí bóyá bàbá mi dárúkọ àwọn kí ó tó lọ.

Mo ní ó dárúkọ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò purọ́.