"Daemon" Nínú Ìwé Ìkọ̀rọ̀sílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1968 ni Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tí ó jáde ní 1938, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. The Forest of a Thousand Daemons ni ó pè é. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ń ka ìwé náà a máa kọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun inú rẹ̀ sílẹ̀, a sì há ìtumọ̀ wọn sórí. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

"Demon" ni púpọ̀ wọn ń ka "daemon" sí, "ẹ̀mí burúkú" ni wọ́n sì ń kọ síwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ́tà "a" yẹn gan-an ni ọgbọ́n atúmọ̀ náà wà. Ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni ó yá lò, èyí tí wọ́n fi ń pe ẹ̀dá àìrí tí ó wà láàárín òrìṣà àti ènìyàn, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe ibi. (Èṣù pàápàá, tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì sọ di Sàtánì, irúnmalẹ̀ ni.)

"Ghommid" tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè wo ni wọn yóò ti rí i? Ṣóyínká ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, àfi kí ó ṣí ìwé Fágúnwà, kí ó wo irú ẹ̀dá tí ó dúró ní ipò náà. Kò sí ẹni tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀. Ọmọ tí ó ti mọ iwin àti egbére nínú ìtàn ilé wọn ni ó ń kọ "ẹ̀mí burúkú" sílẹ̀ nítorí ìdánwò.