Ọwọ́ Tó Ń La Ọ̀nà fún Àgbàrá

Ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa n'Ìbàdàn, níbi tí odò kékeré kan ti ń wọ́ lọ bá odò Ògùnpa, ògiri ilé kan wà tí wọn kò kùn láti ọdún 2011. Ilà ẹrẹ̀ kan fà kọjá lára rẹ̀, ó ga tó àyà àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni omi dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún náà. Onílé ní òun kò ní fi ọ̀dà pa á rẹ́, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà lè máa rí i.

Ìbàdàn mọ omíyalé. Àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú ilé ẹni, ọjọ́ tí Ògùnpa kún bo bèbè tó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti èèyàn tó lé ní 200 lọ. Ti 2011 náà pa èèyàn tó lé ní 100, ó já afárá, ó sọ ọgbà Agodi di ahoro. Ẹ wo oṣù tí méjèèjì bọ́ sí. Ìparí oṣù Kẹjọ, ìgbà tí a máa ń rò pé òjò ti fún wa ní ìsinmi díẹ̀, tí ẹrẹ̀ oṣù Kẹfà àti Keje sì ti kún inú gọ́tà. Lójú tèmi, ìsinmi yẹn gan-an ló ń tàn wá. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wa fi ń kó gọ́tà, tí wọ́n ń ro ojú odò lẹ́ẹ̀mejì: kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ.

Agogo méje òwúrọ̀ Sátidé kì í tíì lù tí ṣọ́bìrì á ti máa ha kọnkéré. Àwọn ọ̀dọ́ á wọ inú gọ́tà dé orúnkún, wọ́n á máa da ẹrẹ̀ dúdú sókè. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele bí ewé ẹ̀kọ. Ìyá alákàrà, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń fi ọkọ́ fa ohun tó há sẹ́nu ihò abẹ́ títì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Bọ́ bàtà rẹ kí o máa bọ̀."

Mo bọ́ ọ.

Ẹrẹ̀ wa kì í sùn létí gọ́tà. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ń kó o jọ sí bèbè, tí òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ á sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Tiwa, ọmọlanke á ti dúró. Wọ́n á ṣa ọ̀rá kúrò, wọ́n á fi iyanrìn tó kù dí kòtò ojú títì.

Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù ni ti ògiri ọgbà kan. Onílé kan ti mọ ògiri ọgbà rẹ̀ dí ojú àgbàrá. Bí òjò bá ti rọ̀, ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ni omi ń yà sí. Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wa, kò fi ọlọ́pàá mú un. Wọ́n mú àgbà mẹ́ta dání, wọ́n lọ bá a lálẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí ìtìjú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló mú òòlù, ó lu ihò mẹ́ta sí ìdí ògiri náà, ó fi irin sí i lẹ́nu. Wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé yìí la ògiri tirẹ̀ fún àgbàrá kí ó má bàa wó ilé ẹlòmíràn. Ẹni tó bá mọ iye tí búlọ́ọ̀kù ń jẹ báyìí yóò mọ ìwọ̀n ohun tó ṣe.

Títẹ́ kọnkéré sójú odò ńlá àti kíkọ́ afárá, iṣẹ́ ìjọba ni, a kò sì gbọ́dọ̀ yé bi wọ́n léèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba wo ló mọ màmá tí orúnkún kì í jẹ́ kí wọ́n tètè dìde? Ìwé kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Bàbá Alága, tí wọ́n kọ àwọn tó máa nílò ìrànlọ́wọ́ bí omi bá dé sí, àti ẹni tí yóò lọ bá wọn. Ilé kẹrin: Màmá ẹlẹ́sẹ̀ dídùn, àti orúkọ ọmọkùnrin méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé keje: aboyún, káfíńtà òdìkejì ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn.

Lóru ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, fóònù dún láti òkè odò. "Bàbá, omi ti dé abẹ́ afárá o." Tọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láti ojúlé dé ojúlé. Nígbà tí mo dé ilé kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ síwájú Màmá. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín." Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn mú ìborùn.

Omi kún gọ́tà dé ẹnu. Ó ń hó gba inú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, kò yà sílé ẹnì kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rá ti há sí irin ihò àkọ́kọ́. Ìyá alákàrà bẹ̀rẹ̀ yọ ọ́ kí wọ́n tó lọ dáná.