Ọkọ̀ Ilé Nínú Ẹ̀wù Eléré-Ìje

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi wo Toyota Camry XSE ti 2018 dáadáa. Ihò tí ẹ rí nídìí rẹ̀ yẹn, ihò kọ́ o: ike dúdú lásán ni, atẹ́gùn kankan ò gbabẹ̀ kọjá. Rímù rẹ̀ jẹ́ ínṣì 19, táyà tó yí i ká sì fẹ́lẹ́. Kó já sí kòtò Èkó lẹ́ẹ̀kan péré, rímù á wọ́, àwọn tí ń lẹ táyà á sì rówó jẹun. Ọkọ̀ tí a fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé, eré wo ló fẹ́ sá?

Wọ́n á ní ẹwà ni. Èmi náà fẹ́ràn ẹwà. Ṣùgbọ́n Peugeot 504 ńkọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975? Pininfarina, ilé-iṣẹ́ Ítálì, ló ya àwòrán rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ jìnnà sílẹ̀, táyà rẹ̀ nípọn, kò ṣe fújà. Lọ́dún 1975 yẹn gan-an, 504 ni Ove Andersson wà tó fi gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kenya, nínú eruku àti ẹrẹ̀!

Honda náà gbé ihò irọ́ ńlá méjì sídìí Civic onílẹ̀kùn márùn-ún ti 2017. Nígbà tí ti 2022 fi máa dé, wọ́n ti yọ wọ́n, ojú ọkọ̀ náà sì wá fara balẹ̀.