Òjìji Tí Àìní Bí: Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Ká Kó Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Dànù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lóde òní, àkísà ni à ń sá fún. Bí fóònù bá lo ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tini láti yọ ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá pé ọdún mẹ́wàá, a ó ní ó ti kú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ṣì ń tàn, ó ṣì ń kọ̀wé, ó ṣì ń ṣírò. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ yẹ iṣẹ́ àtijọ́ kan wò, èyí tí í ṣe eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Prince of Persia, tó jáde ní ọdún 1989. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ọjọ́ orí ẹ̀rọ kọ́ la fi ń mọ iyì iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Jordan Mechner, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó kàwé ní yunifásítì Yale, ló ṣe eré náà fún kọ̀ǹpútà Apple II. Ilé iṣẹ́ Broderbund ló gbé e jáde. Ìtàn inú rẹ̀ kò gùn. Ọba lọ sójú ogun, Jaffar tó jẹ́ olórí ìjòyè sì fẹ́ gba ìjọba. Ó fún ọmọbìnrin ọba ní wákàtí kan péré láti yàn: kó fẹ́ òun tàbí kó kú. Ọ̀dọ́kùnrin tí ọmọbìnrin náà fẹ́ràn wà nínú túbú lábẹ́ ààfin. Ìwọ tí o ń ṣeré ni ọ̀dọ́kùnrin yẹn. O ní 60 ìṣẹ́jú láti la túbú náà já dé òkè ààfin.

Ohun àkọ́kọ́ tó wú mi lórí ni bí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe ń rìn. Ní ọdún 1985, Mechner fi kámẹ́rà ya àbúrò rẹ̀, David, bó ṣe ń sáré, tó ń fò, tó sì ń gun nǹkan. Lẹ́yìn náà ló fara balẹ̀ ya àwòrán ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Fíìmù Robin Hood ti ọdún 1938 ló wò kó tó ya bí wọ́n ṣe ń fi idà jà. Nítorí náà, ara ènìyàn gidi ni à ń rí. Bó bá ń sáré, kò lè dúró lójijì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ yọ̀ díẹ̀. Bó bá fò tí kò dé òdì kejì, ọmọ ìka rẹ̀ ni yóò fi rọ̀ mọ́ etí ògiri. Bó bá já láti ibi gíga, ó parí. Mo ti rí eré tuntun tí a lè ka irun orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ tí wọ́n ń rìn bí ẹni pé ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjìji ni ọkàn eré yìí. Ìrántí Apple II kéré púpọ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kò sí àyè láti ya ọ̀tá tí ọ̀dọ́kùnrin náà yóò bá jà, akẹgbẹ́ Mechner kan sì ń tẹnu mọ́ ọn pé eré tí kò ní ìjà kò ní dùn. Kí ni Mechner ṣe? Ó mú àwòrán ọ̀dọ́kùnrin náà fúnra rẹ̀, ó sún un díẹ̀, ó gbé e lé ara rẹ̀, àwòrán náà sì di òjìji. Kò ná an ní àyè tuntun kan tó pọ̀. Lẹ́yìn náà ló tó wá àyè fún àwọn ẹ̀ṣọ́ tó kù.

Ẹ wo ohun tí àìní yìí bí. Ní ìpele kẹrin, dígí ńlá kan dí ọ̀nà, àfi kí o sáré fò gba inú rẹ̀ kọjá. Bí o ṣe fò ó, òjìji rẹ yọ ní òdì kejì, ó sì sá lọ. Láti ìgbà náà ló ti di ọ̀tá rẹ: ó mu oògùn tó yẹ kí ìwọ mu, ó tilẹ̀kùn mọ́ ọ kí o lè já bọ́. Ní ìpele kejìlá, ó yọ idà sí ọ. Bí o bá ṣá a, ara tìrẹ ni yóò gba ọgbẹ́. Bí o bá pa á, ìwọ náà kú. Ohun tó kù ni kí o ti idà bọ àkọ̀, kí o sì rìn lọ bá a. Nígbà náà ni ẹ̀yin méjèèjì yóò padà di ọ̀kan. Ẹni tó bá ń bá ara rẹ̀ jà, ta ni yóò bá a là á? Eré náà kò sọ gbólóhùn kan nípa èyí; ó jẹ́ kí ọwọ́ ẹni kọ́ ọ.

Èmi kò sọ pé eré náà kò ní àbùkù. Ọmọbìnrin ọba kò ṣe púpọ̀ ju kó jókòó máa wo agogo lọ. Ilẹ̀ Páṣíà inú rẹ̀ kò kọjá láwàní àti ògiri ààfin. Kò sí ohun tí ọmọ ilé ìwé lè rí kọ́ níbẹ̀ nípa ilẹ̀ náà. Wákàtí kan náà sì le fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì dé òpin, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló sì kù. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú àbùkù wọ̀nyí tí kọ̀ǹpútà tuntun lè wò sàn.

Kọ̀ǹpútà tokunbọ̀ tí bàbá mi rà ní Computer Village, Ìkejà, ni mo fi ń ṣe é. Àbúrò bàbá mi ló ra eré náà nígbà èwe rẹ̀, inú dísìkì pẹlẹbẹ ló wà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò ní ihò tí a lè ki dísìkì bẹ́ẹ̀ bọ̀. Tiwa ní in. Lórí rẹ̀ ni mo fi DOSBox sí, ètò ọ̀fẹ́ tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2002. Ẹ́múlétọ̀ ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ kan máa ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn. Ó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà ayé ijọ́un, ó ń fara wé ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ìyára rẹ̀, tí eré náà yóò fi rò pé ilé òun lòun wà. Bí a kò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òòbẹ̀ ni DOSBox. Kí n sì sọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi: ẹ́múlétọ̀ kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń da eré tí kò rà kọ láìgba àṣẹ olówó rẹ̀ ń jalè.

Bí gbogbo ayé bá kó ẹ̀rọ àtijọ́ dànù, ohun tí a ó pàdánù kì í ṣe eré nìkan. Ní ọdún 2012, bàbá Mechner rí àpótí kan nínú ilé. Àwọn dísìkì tí ọmọ rẹ̀ kọ gbogbo àṣẹ inú Prince of Persia sí ló wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìgbàlódé kò lè kà wọ́n. Jason Scott àti Tony Diaz, àwọn tó mọyì ẹ̀rọ àtijọ́, ló bá a fi Apple II kà wọ́n. Mechner sì gbé iṣẹ́ náà síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i kà. Ká ní kò sẹ́ni tó tọ́jú ẹ̀rọ náà ni, àpótí lásán nìyẹn ì bá jẹ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé ìwé wa fi ń dùn mí. Ogún kọ̀ǹpútà ló wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa, irú èyí tó wà nílé wa gan-an. Ó ti di sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì tí yàrá náà ti wà ní títì, wọ́n ní ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti dàgbà jù. Ní báyìí, wọ́n ti ní kí òbí kọ̀ọ̀kan dá owó tuntun. Inú ìwé ni à ń wo àwòrán kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà gidi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú gbogboogbò fún Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kò sì lè gba Windows 11. Ẹ̀rọ tí kò rí ìtọ́jú gbà mọ́ kò yẹ kó máa rìn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì yẹ kí a fi san owó ní báńkì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé, bí a ṣe ń ṣe àtẹ ìṣirò, tàbí bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Linux wà pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yà rẹ̀ tó fúyẹ́ sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Èyí tó bá bàjẹ́ tán nínú ogún náà, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Èmi kò ní kí a máa sin òkú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin òbí wa, kí ẹ tó san owó náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ohun kan: kí ni ọmọ wa fẹ́ kọ́ tí èyí tó wà nílẹ̀ kò lè ṣe? Bí ẹ bá rí ìdáhùn gidi gbà, ẹ san án. Bí ẹ kò bá rí i gbà, ẹ bá wa gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà.