Ọ̀rọ̀ Àìsàn Lẹ́nu Òyìnbó

Ọmọ Òde-Ayé tó ń múra WAEC lè mọ gírámà dunjú, kí àkànlò èdè Òyìnbó ṣì máa yọ ọ́ lẹ́nu. Olùkọ́ á kọ "under the weather" sójú pátákó, ẹnìkan á ní òjò ló pa onítọ̀hún. Mi ò bá a wí. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tí Òde-Ayé wà, ẹ̀fọn àti ibà kì í jìnnà sí òjò. Àmọ́ ohun tí Òyìnbó ń sọ kò ju pé ara ẹni náà ò fi bẹ́ẹ̀ yá.

Èyí tó wù mí jù ni "out of the woods", tí wọ́n ń lò fún aláìsàn tó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Lójú wọn, inú igbó lèèyàn ti ń sọnù. Ẹni tó bá jáde ti yè nìyẹn. Ní Òde-Ayé ńkọ́? Inú igbó yẹn gan-an ni oògùn ti ń wá. Ẹ wo ìyá àgbà tó toko dé nírọ̀lẹ́: èèpo igi ahùn àti ewé efinrin wà lórí ẹ̀gẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ṣan èèpo náà, ó kó o síkòkò, ó dé e, ó koná mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí òórùn kíkorò fi gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe jókòó ti ìwé rẹ̀, ó ń há "out of the woods" sórí, ife àgbo sì ń dúró dè é.

"Clean bill of health" tọ́dọ̀ àwọn atukọ̀ wá. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun ń gba ìwé tó jẹ́rìí pé kò sí àjàkálẹ̀ àrùn ní èbúté tó ti ń bọ̀. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ àjọ WHO ní 20 Oṣù Kẹwàá 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti mú èèyàn 20, tó sì pa 8 nínú wọn.

Ní ti "fit as a fiddle", tó túmọ̀ sí pé ara ẹni le koko, kí àwọn ọmọ sáà há a sórí.

"Back on your feet" kò ṣòro ní tirẹ̀, torí àwa náà ń sọ pé aláìsàn ti dìde. Ẹni tó bá dìde, a ó kí i pé ẹ kú ewu, yóò sì fèsì pé ewu iná kì í pa àwòdì. Ká fi ìyẹn sínú ìdánwò ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ká wá wò ó bí òun náà yóò ṣe máa wo àjà.