Ẹ̀gbọ́n Apààyàn Ló Ń Ròyìn

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń pe *My Sister, the Serial Killer*, tí Oyinkan Braithwaite kọ lọ́dún 2018, ní ìtàn ẹ̀san. Èmi ò gbà. Lára ta ni wọ́n ti ń gbẹ̀san? Bàbá tó máa ń lu Kọ́rẹdé àti Ayọ̀ọlá ti kú tipẹ́. Fẹ́mi tí wọ́n jù sọ́sà láti orí Third Mainland, ewì ló ń kọ ní tiẹ̀. Ọ̀bẹ bàbá yẹn sì ni Ayọ̀ọlá ń lò. Ogún burúkú nìyẹn jàre.

Àmọ́ Ayọ̀ọlá kọ́ ló ń ròyìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Kọ́rẹdé tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bó ṣe ń ṣàlàyé bílíìṣì bí ẹni tó ń retí àlejò, ẹ̀rín á pa yín, kẹ́ ẹ tó rántí pé ẹ̀jẹ̀ ló ń nù. Ní Ailegun wa níbí, àkọ́bí obìnrin wo ni wọn ò tíì sọ fún pé, "Àbúrò ẹ ni, bo àṣírí ẹ̀"? Tádé, dókítà tí Kọ́rẹdé fẹ́ràn, ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó gọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Muhtar, aláìsàn tí kò mọ ohun tó ń lọ, òun nìkan ni Kọ́rẹdé ń finú hàn. Nígbà tó jí, ó rántí gbogbo ẹ̀.