Fọ́tò Bàmákò àti Ewì Àwọn Jẹ́lì
Ẹni tí ó bá fẹ́ tipasẹ̀ fọ́tò àti ewì mọ ilẹ̀ Málì kò gbọdọ̀ mú ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀. Ní Bàmákò, ní 1948, Seydou Keïta ṣí ilé ìyafọ́tò. Aṣọ ìtẹ́bùsùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn tí ó ń yà, a sì máa yá wọn ní aago àti rédíò kí iyì wọn lè pé. Oríkì tí kò fọhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn jẹ́lì, akéwì ìdílé ní Málì, kì í yin ènìyàn láìdárúkọ òun àti ìran rẹ̀. Ní 1991, wọ́n pàtẹ fọ́tò Keïta ní New York láìdárúkọ ẹni tí ó yà wọ́n, áḿbọ̀sì ẹni tí a yà! Obìnrin tí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ibùsùn nì, tí gbogbo ayé ń wò, ọmọ ta ni?